Ilẹ̀kùn Nìkan Ni Wọ́n Tà fún Wa

Orúnkún ń yọ Màámi lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu pé a kò ní jókòó sí gbangba ní alẹ́ ọjọ́ tí èmi àti wọn jọ ń lọ sí London láti kí àbúrò mi obìnrin kú ewu ọmọ. A ti tò sórí ìlà mẹ́rin ní pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà: ìlà ibi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù, ti àwọn aṣọ́bodè, ti àwọn tó ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà, àti ti ibi tí wọ́n ti ń yẹ ara wò, níbi tí wọ́n ti ní kí ìyá ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin bọ́ bàtà. Nígbà tí a já sí òdìkejì, ó ku wákàtí mẹ́ta gbáko kí bàálù wa tó gbéra. Mo fa káàdì bánkì mi yọ. Inú mi dùn pé mo ní nǹkan tí mo lè fi ṣe ìyá mi lálejò.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ jókòó sí láúǹjì. Ibẹ̀ tutù, oúnjẹ wà níbẹ̀, ẹ ó ráyè na ẹsẹ̀ yín."

Yàrá ìsinmi tó wà lẹ́yìn ibi àyẹ̀wò ni mo ń wí, èyí tí kì í ṣe gbogbo èrò ló ń wọ̀ ọ́. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà gba káàdì, ó fi kan ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní "Ẹ káàbọ̀ mà" láì gbójú sókè. A wọlé. Gbogbo àga ti kún. Àwọn kan jókòó sí apá àga, báàgì àwọn mìíràn sì gba àga tiwọn. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kán sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n gbé sí igun ilé. Ìrẹsì ti dé ìsàlẹ̀ abọ́, ìyókù ti gbẹ mọ́ ọn létí. Omi gbígbóná wà nínú fúláàsìkì, ṣùgbọ́n tíì ti tán. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò sí nínú ibẹ̀; a ní láti jáde padà sí gbangba, ká rìn dé ìdajì gbọ̀ngàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, èrò bíi tiwa, rí ọ̀pá ọwọ́ Màámi, ó dìde fún wọn. Èmi dúró.

Lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú, Màámi wò mí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o sanwó ká tó wọ ibí ni?"

"Rárá, Màámi. Bánkì ló san án."

"Bánkì wo ló ń san owó tí kò ní gbà padà?" Wọ́n gbé ọ̀pá wọn lé itan. "Láti ìgbà tí a ti wọlé, ẹnìkan ò bi mí bóyá mo ti mu omi."

Mi ò rí èsì fọ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ti gbé mi wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní ìlú púpọ̀, èyí tó dára àti èyí tí kò dára, ṣùgbọ́n ohun méjì tí ìyá mi sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi ń wọ̀n wọ́n títí di òní: ta ló ń sanwó, ṣé wọ́n sì fún àlejò lómi?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó. Ní 1939 ni ilé-iṣẹ́ American Airlines ṣí yàrá tirẹ̀ ní pápákọ̀ LaGuardia ní New York, tí wọ́n pè ní Admirals Club. C. R. Smith ni olórí ilé-iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Owó bàálù wọ́n nígbà náà, àwọn tó ń wọ̀ ọ́ kò pọ̀, ẹni tí Smith àti àwọn èèyàn rẹ̀ bá sì pè nìkan ló ń wọ yàrá yẹn. O lè lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, bí wọn kò bá pè ọ́, ìta lo máa jókòó sí. Ọdún púpọ̀ kọjá kí wọ́n tó sọ ọ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi owó rà. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù ńlá ní tirẹ̀, wọ́n sì ń fi fa ojú àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó iyebíye mọ́ra.

Ní 1992 ni Priority Pass dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Káàdì kan ṣoṣo ni, ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn oríṣiríṣi láúǹjì fún ẹni tó dì í mú, tíkẹ́ẹ̀tì yòówù kó rà. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin ará Malaysia kan, Song Hoi-see, dá Plaza Premium sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ ńlá ni tẹ́lẹ̀. Bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì ni wọ́n máa ń ra fún un. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra tíkẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, ó wá rí i pé ilẹ̀kùn tó ń ṣí fún un lánàá ti tì mọ́ ọn lójú. Ó rò ó pé àwọn tó wà níta pọ̀ ju àwọn tó wà nínú lọ, àárẹ̀ sì ń mú gbogbo wọn bákan náà. Ó kọ́ yàrá tí ẹnikẹ́ni lè sanwó wọ̀.

Mo fẹ́ràn ìrònú ọkùnrin yẹn, mo sì fẹ́ kí ó yé yín pé kì í ṣe pé mo ń bínú sí ṣíṣí tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mẹ̀kúnnù. Ìyá tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó kéré jù lọ ni orúnkún ń dùn jù. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọn kò fẹ yàrá.

Bí owó ṣe ń rìn nìyí. Bánkì fẹ́ kí ẹ gba káàdì olówó ńlá rẹ̀, ó wá fi láúǹjì kún ohun tó máa fi tàn yín. Bánkì kì í ní láúǹjì lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ń bá ilé-iṣẹ́ alágbàtà bíi Priority Pass, LoungeKey tàbí DragonPass dòwò pọ̀. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fi káàdì yín kan ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà, bánkì jẹ alágbàtà lówó, alágbàtà yọ tirẹ̀, ó fi ìyókù ránṣẹ́ sí ẹni tó ni láúǹjì. Owó orí ni. Iye kan náà ni fún ẹni tó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ẹni tó jókòó fún wákàtí márùn-ún. Nínú owó orí yẹn ni onílé ti máa san háyà fún pápákọ̀, ti máa sanwó òṣìṣẹ́, ti máa ra díísù, kí ó tó ra ìrẹsì. Bí ẹ bá bu àwo kejì, èrè rẹ̀ dín kù. Bí ẹ bá pẹ́ lórí àga, ẹ ti gba àyè ẹlòmíràn tó fẹ́ wá fi káàdì kan ẹ̀rọ. Kò sí èrè fún un nínú kí ara tù yín. Èrè rẹ̀ wà nínú kí ẹ pọ̀.

Láúǹjì tí ilé-iṣẹ́ bàálù fúnra rẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú yín níbẹ̀ fẹ́ kí ẹ tún padà wá ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tó ń gbé lórí owó káàdì kò retí yín mọ́; bánkì ni oníbàárà rẹ̀, ẹ̀yin kàn ni orí tí wọ́n ń kà. Nígbà tí mo rí èyí, gbogbo ohun tí mo ti rí ní láúǹjì ló yé mi: ìdí tí àwo fi kéré, ìdí tí àga fi le, ìdí tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sí ara ògiri pé wákàtí mẹ́ta péré lẹ lè lò.

Nàìjíríà tún ní ìṣòro tirẹ̀. Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò owó orí yìí. Kí ìjọba tó jọ̀wọ́ náírà fún ọjà ní oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí 460 náírà lọ ní ọ̀nà ìjọba. Ní 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún bánkì tó ṣèlérí láúǹjì ọ̀fẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníbàárà nígbà tí dọ́là ṣì rọ̀. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí wọ́n bá dín iye ìgbà tí ẹ lè wọlé kù láì pariwo. Ẹ lọ ka ìwé àdéhùn káàdì yín, pàápàá ibi tí wọ́n kọ sí kékeré nípa àlejò tí ẹ bá mú dání. Èmi kò kà á. Oṣù tó tẹ̀ lé ìrìn àjò wa, bánkì yọ owó Màámi nínú àkáǹtì mi, ní dọ́là, wọ́n ṣẹ́ ẹ sí náírà. Màámi ti sọ ọ́ kí ó tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn tó lówó jù wá lọ náà ń jìyà èrò púpọ̀. Ní Amẹ́ríkà, Delta Air Lines rí i pé èrò ń tò síta láúǹjì rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de epo. Ní 2022, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé bí ó bá ti ku ju wákàtí mẹ́ta lọ kí bàálù rẹ̀ gbéra. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, wọ́n tún kéde ìdíwọ́ tó le lórí àwọn tó ń fi káàdì wọlé. Ariwo sọ. Ed Bastian, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà, gbà ní gbangba pé àwọn ti ṣe àṣejù, wọ́n sì dẹ̀ ẹ́ díẹ̀: láti oṣù Kejì 2025, ẹni tó ní káàdì Platinum ti American Express lè wọlé nígbà mẹ́wàá péré lọ́dún. Nígbà tí a bá fi ohun kan fún gbogbo ènìyàn láì fi kún un, ìlà ló máa ń kẹ́yìn rẹ̀.

Kí ló wá mú kí láúǹjì tó ohun tí ènìyàn ń wọ̀?

Àga ni ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò bìkítà bóyá awọ ni wọ́n fi ṣe é tàbí aṣọ. Mo fẹ́ kí ó ní ẹ̀yìn tó gbé orí dúró, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó jókòó síbẹ̀ má máa gbọ́ ìpè fóònù ẹni tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni pé òun ni wọ́n ń pè. Omi ìwẹ̀ tẹ̀ lé e, pàápàá fún àwa tí a ń gbé ojú òru rìnrìn àjò. Ẹni tó kúrò ní Èkó lálẹ́ máa ń balẹ̀ sí London kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ilé ìtura kò ní gbà á wọlé títí di ọ̀sán. Ìwẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ dára ju gbogbo wáìnì tó wà nínú ìgò lọ. Ní ti wáìnì, àwọn àga wúrà, ìwé ìròyìn dídán, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń gbé ènìyàn dé ẹsẹ̀ bàálù gẹ́gẹ́ bí Lufthansa ti ń ṣe fún àwọn èrò fáàsì kíláàsì rẹ̀ ní Frankfurt láti 2004, ẹni tó bá wù kí ó gbádùn wọn. Wọn kì í ṣe ohun tí ènìyàn tó ti rẹ̀ ń fẹ́.

Oúnjẹ ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni láúǹjì ti máa ń fi ara rẹ̀ hàn.

Lọ́dún kan, àwọn tó pè mí síbi iṣẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì tó gbé mi gba Istanbul, mo sì wọ láúǹjì Turkish Airlines níbẹ̀. Àwọn obìnrin jókòó sídìí agbada irin, wọ́n ń na ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ, wọ́n ń fi wàràkàṣì àti ẹ̀fọ́ sínú rẹ̀, wọ́n ń yan án lójú ẹni. Gözleme ni wọ́n ń pè é. Búrẹ́dì róbótó tí wọ́n fi hóró yanmọtí bò lára wà níbẹ̀, ìyẹn simit, èyí tí gbogbo ará ìlú ń rà lójú títì láàárọ̀. Ọkùnrin kan ń gbé àwo tíì kiri nínú ife kékeré tó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín. Kò dúró kí n bèèrè. Ó gbé e síwájú mi, ó mi orí, ó kọjá lọ. Mi ò tíì wọ ìgboro Istanbul rí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ti jẹ oúnjẹ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Addis Ababa, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń pààrọ̀ bàálù. Ní láúǹjì Ethiopian Airlines tí wọ́n ń pè ní Cloud Nine, obìnrin máa ń jókòó sórí àpótí kékeré, ó ń yan kọfí tútù lórí iná títí yóò fi dúdú, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé. Ó lọ̀ ọ́, ó sè é nínú ìkòkò amọ̀ dúdú ọlọ́rùn gígùn, ó bù ú sínú ife kékeré. Injera, oúnjẹ ilẹ̀ wọn, wà fún ẹni tó fẹ́ jẹun. Ilẹ̀ Etiópíà ni kọfí ti wá, wọ́n sì mọ̀ pé àlejò kò gbọdọ̀ gba ilẹ̀ wọn kọjá láì tọ́ ọ wò.

Àwọn ará Jàpáánì mọ̀ ọ́n náà. Láúǹjì Japan Airlines ní ọbẹ̀ kọ́rì ẹran màlúù kan tó ti di gbajúgbajà débi pé àwọn èrò kan máa ń tètè dé pápákọ̀ nítorí rẹ̀. Kọ́rì àti ìrẹsì lásán ni, oúnjẹ tí ọmọdé ń jẹ nílé. Cathay Pacific ní Hong Kong ní ibi tí wọ́n ti ń se núdù gbígbóná lójú ẹni. Finnair ní Helsinki kò dúró lórí oúnjẹ. Wọ́n fi sauna, yàrá ooru tí kò sí ará Finland tí kò mọ̀ ọ́n, sínú láúǹjì wọn. Gbogbo wọn mú ohun kan tó jẹ́ ti ilé wọn, wọ́n ṣe é dáadáa, wọ́n sì dúró tì í.

Kí ni Èkó mú jáde? Mo ti wọ ju láúǹjì mẹ́ta lọ ní ìlú yìí. Sọ́séèjì, ànàmọ́ òyìnbó díndín, sáláàdì tó ti rọ, búrẹ́dì onígun mẹ́rin. Bí wọ́n bá ti gbìyànjú títí, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n sè níbòmíràn láàárọ̀. Mo ti bi ọ̀kan nínú àwọn alásè wọn léèrè. Ó ní wọn kò jẹ́ kí àwọn dáná nínú ilé náà, kò sí ihò tí èéfín máa gbà jáde, ìta ni wọ́n ti ń gbé oúnjẹ wá, wọ́n kàn ń mú un gbóná níbẹ̀ ni. Òótọ́ ni, àìmọye láúǹjì káàkiri ayé ló ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló ní oúnjẹ tó bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu ju Yorùbá lọ? Inú ewé ni a ti ń di oúnjẹ ìrìn àjò láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mọ́ínmọ́ín eléwé máa ń gbóná di ọ̀sán bí a bá ti dé e dáadáa. Ẹ̀kọ kò nílò iná. Ọ̀fàdà tí a pọ́n sínú ewé eéran, tí ayamáṣe rẹ̀ wà lọ́tọ̀, kò bàjẹ́ bí a bá gbé e láti Mushin dé Ìkẹjà. Ẹ̀wà aganyìn tilẹ̀ máa ń dùn sí i bí ó bá pẹ́ nínú ìkòkò. Àkàrà nìkan ló ní kí a dín òun lójú ẹni, mo sì lè dárí ìyẹn jì wọ́n. Ní Bahia lórílẹ̀-èdè Brazil, àkàrà kan náà, tí wọ́n ń pè ní acarajé, ti di àmì ìlú. Ìjọba wọn ti kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń dín in sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun kò tijú oúnjẹ ìyá wọn. Àwa tí a wà nílé ni à ń fi sọ́séèjì tútù ṣe àlejò ní ẹnu ọ̀nà wa.

Mo sọ fún alásè yẹn pé kí ó dán mọ́ínmọ́ín wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọ̀gá kò ní gbà, pé kò jọ oúnjẹ láúǹjì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí títí di ìsinsìnyí.

Ohun kan tún wà tí owó kékeré lè ṣe, tí ọ̀pọ̀ láúǹjì kò sì ṣe: kí ẹnìkan máa sọ òtítọ́ nípa bàálù fún èrò. Láti lè dákẹ́ rọ́rọ́, ọ̀pọ̀ láúǹjì láyé kì í kéde pé bàálù kan ti fẹ́ gbéra. Ó dára bí ojú pátákó iná bá ń ṣiṣẹ́, tí òṣìṣẹ́ sì ń lọ bá àwọn àgbàlagbà létí. Lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, pátákó kan ló wà, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń fi wò. Obìnrin oníṣòwò kan tó ń tún gèlè rẹ̀ so ló ké sókè láti ẹnu ọ̀nà pé, "Ẹ̀yin ará London, wọ́n ti ń wọlé o!" Bí kò bá jẹ́ ti obìnrin yẹn, à bá ṣì jókòó síbẹ̀ nígbà tí bàálù máa gbéra. Màámi sáré lórí orúnkún yẹn. Mo gbé báàgì méjèèjì, mo ń sáré níwájú, mo ń wẹ̀yìn. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló wà nínú láúǹjì, wọ́n sì ní ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà bàálù gbogbo wa sí nígbà tí a ń wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ omi ti wọlé nìyẹn. Nílé wa, bí àlejò bá wọlé, ẹnìkan á gbé omi fún un kí a tó bi í léèrè ohun tó bá wá. Omi yẹn kò níye lórí lọ́jà. Ohun tó ń sọ ni pé a ti rí ọ, a mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ọkùnrin onítíì ní Istanbul ń sọ ọ́. Obìnrin oníkọfí ní Addis ń sọ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dìde fún Màámi ní Ìkẹjà náà sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ń dúró de bàálù, kò sì sí ẹni tó ń sanwó fún un. Láúǹjì tí kò bá ní irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn lásán ni.

Bí ẹ bá bi mí nísinsìnyí bóyá kí ẹ wọ láúǹjì, ohun tí mo máa sọ rèé. Bí kò bá ti tó wákàtí kan tó kù fún yín, ẹ má wulẹ̀ wọlé. Bí ìlà bá wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ padà. Ẹ yọjú wo inú ilé kí ẹ tó na káàdì, nítorí pé bí wọ́n bá ti fi kan ẹ̀rọ, owó ti lọ. Bí ìdádúró bàálù bá ti wá pẹ́, ilé-iṣẹ́ bàálù ló jẹ yín ní gbèsè: ìlànà ààbò oníbàárà ti NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú ní Nàìjíríà, ní kí wọ́n fún èrò ní ìpápánu, kí wọ́n sì wá ibùsùn fún un bí ó bá di òru tí kò sí bàálù. Ẹ béèrè. Wọn kì í sábà fi fúnni láì jẹ́ pé a béèrè.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí sórí láúǹjì. Ní pápákọ̀ Changi ní Singapọ̀, ilé sinimá ọ̀fẹ́ wà fún gbogbo èrò, ọgbà labalábá wà, àga tí ènìyàn lè na gbalaja sí wà ní gbangba, láì béèrè káàdì. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá lè gbàgbé pé láúǹjì wà. Ibi tí gbọ̀ngàn gbangba bá ti le koko ni láúǹjì ti ń di ohun tí ènìyàn ń lé kiri. Nígbà tí bánkì bá ń ta láúǹjì fún yín ní Èkó, àìsí àga ní gbọ̀ngàn ni wọ́n ń tà fún yín.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 712 náírà àti díẹ̀ láti tún ilé àtijọ́ ní Murtala Muhammed ṣe, ilé tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ilé-iṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà, tó kọ́ ilé tuntun tí wọ́n ṣí ní 2022, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Festus Keyamo, mínísítà ọ̀rọ̀ òfuurufú, sọ pé àwọn máa tú inú ilé náà palẹ̀ ni kí wọ́n tó tún un kọ́. Owó yẹn tó láti ṣe ohun tó yẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya àwòrán ilé náà, mo bẹ̀ yín. Ẹ kọ́ láúǹjì tó bá wù yín, kó dán, kó tutù. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kan ibẹ̀, ẹ to àga tó ní ẹ̀yìn sí gbọ̀ngàn, kó pọ̀. Ẹ fa iná dé ẹsẹ̀ àga. Ẹ gbé omi mímu tó tutù sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà wọ bàálù, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ́ ilé ìwẹ̀ tí aláìní káàdì lè wọ̀. Kí ẹ sì fi ẹnìkan síbẹ̀ tó máa lọ bá arúgbó létí pé bàálù rẹ̀ ti fẹ́ gbéra. Ọmọ àbúrò mi ti ń rìn báyìí, Màámi sì ti ní àwọn tún ń lọ wò ó.